Ta Ló Sọ Barakat Di Orúkọ Obìnrin?

Bí èèyàn bá dúró sídìí Gbọ̀ngàn Mápó lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, tó gbóhùn sókè tó ní "Bàrákátù o!", obìnrin ni yóò dáhùn. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà kan tó ń ti Ọjà'ba bọ̀ tòun tẹrù lórí. Ó lè jẹ́ ọmọ ilé-ìwé girama tó fẹ́ wọ máíkírà lọ sí Bẹẹrẹ. Ó sì lè jẹ́ èmi tí mò ń kọ èyí, torí orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn. Ọkùnrin kankan kò ní wẹ̀yìn wò. Ẹ wá lọ pe orúkọ kan náà ní ìlú Dhaka ní Bangladesh, kí ẹ wo bí bàbá onírùngbọ̀n yóò ṣe dìde. Ẹ dé Addis Ababa, Bereket ni wọ́n ń pe ìbátan rẹ̀ níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń jẹ́ ẹ.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Báwo ni orúkọ tí gbogbo ayé ń fi sọ ọmọ, yálà akọ ni tàbí abo, ṣe wá di tobìnrin pọ́nńbélé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá, àwa tó jẹ́ pé orúkọ tiwa gan-an kì í sábà yan akọ tàbí abo?

Lẹ́yìn Òkè Mápó, lápá Bẹ́yẹrúnkà, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi jẹ́ alfa kéwú, àwọn ọmọ àdúgbò a máa jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀ pẹ̀lú wàláà wọn. Ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Ọwọ́ àwọn méjèèjì ni mo ti kọ́ ohun tí orúkọ mi jẹ́, ẹ̀kọ́ wọn kò sì jọra.

Ti bàbá mi ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ó ní lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: b, r àti k. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ràkúnmí tó bá kúnlẹ̀ tó fàyà lélẹ̀. Ràkúnmí tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti gúnlẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ kó dìde yóò ṣe wàhálà. Àwọn náà ni wọ́n fi ń pe birka, ìyẹn adágún omi tó dúró sójú kan tí kò ṣàn lọ. Oore tó bá èèyàn nílé tó sì jókòó ti onítọ̀hún, òun ni wọ́n ń pè ní baraka. Ẹyọ kan ni baraka, barakat sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá sọ ọmọ ní Barakat ti tọrọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú Àlùkùránì, ọ̀pọ̀ yẹn ni a rí, ibi mẹ́ta ló sì ti jẹ yọ. Ó wà nínú Sura Al-A'raf, níbi tí Ọlọ́run ti sọ ohun tí ì bá ṣí sílẹ̀ látòkè àti láti inú ilẹ̀ fún àwọn ará ìlú bí wọ́n bá gbàgbọ́. Ó wà nínú Sura Hud lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí Ànábì Núhù fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ìkún omi, àti nígbà tí àwọn màláíkà wá bá ìyàwó Ànábì Ibrahim sọ̀rọ̀ ọmọ tí yóò bí lọ́jọ́ ogbó. Ará ìlú, èrò inú ọkọ̀, àti gbogbo ilé Ibrahim ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo ti wo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò rí ibi tí wọ́n ti pín in fún ọkùnrin lọ́tọ̀, fún obìnrin lọ́tọ̀.

Ẹ tún wo sálámà tí à ń kí lójoojúmọ́. Mùsùlùmí tó bá kí i délẹ̀, tí kò gé e kúrú, orúkọ mi ló máa fi parí ẹ̀: "wàbàràkátù." Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí àlejò bá kí bàbá mi délẹ̀ báyìí, màá sáré jáde látinú yàrá, màá ní "Èmi rèé o!" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí tí fìlà á fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Ẹ̀kọ́ ti ìyá mi, ọjà ni.

Ẹni tó bá mọ Ọjà'ba mọ̀ pé ọjà àtijọ́ ni. Ọjà Ìbà ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, torí Ìbà Olúyọ̀lé, ọ̀kan nínú àwọn akọni tó ṣe Ìbàdàn di ìlú ńlá. Mọ́sáláásí ńlá Ìbàdàn wà níbẹ̀, ariwo ọjà àti ìpè ìrun sì ti ń gbọ́ ara wọn tipẹ́tipẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí tòun ti kóńgò rẹ̀. Oníbàárà àkọ́kọ́ láàárọ̀, tó bá sanwó tán, ìyá mi á gba owó náà, á fi kan iwájú orí, á fi kan ẹnu àpò èlùbọ́, á ní "Àlùbáríkà!" Lẹ́yìn náà ló tó fi í sápò. Tó bá wọn kóńgò tó fi kún dé góńgó, oníbàárà á ní òun ṣì fẹ́ ẹ̀ní. Ìyá mi á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, á ní "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." Oníbàárà á ní "Àmín, ìyá, á bá yín kalẹ́." Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Lárúbáwá lòun ń sọ.

Kì í ka owó ọjà lójú èèyàn. Bí mo bá yọ́ mú náírà kan lára rẹ̀ láìtọrọ, kì í ṣe iye owó yẹn ló máa bà á nínú jẹ́. Á ní "Bàrá, o ti yọ àlùbáríkà inú ẹ̀." Lójú tirẹ̀, owó tí kò pọ̀ lè tó ná, owó gọbọi sì lè wọ ilé kó má ràn ẹnikẹ́ni. Àlùbáríkà ló fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó máa ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ kan tí àpò rẹ̀ máa ń tóbi ju tirẹ̀ lọ, tó ń tà wàràwàrà, tí kò sì rí ìdí owó rẹ̀ títí ọdún fi parí. "Kò ní àlùbáríkà" ni gbólóhùn tó máa fi dé ọ̀rọ̀ yẹn, bí ẹni tó ti fi òǹtẹ̀ lù ú.

Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé ẹ̀kọ́ ìyá mi yìí kò mọ sí Ọjà'ba. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa, bí o bá dá iye tí kò tẹ́ ẹni tó ń tajà lọ́rùn, "albarka" ló máa dá ọ lóhùn. Àdúrà ló fi kọ owó rẹ yẹn, kò bú ọ, kò sì gbà. Ẹ lè gbọ́ ọ ní Sábó wa níbí, àdúgbò tí àwọn Hausa tẹ̀dó sí láti ọdún 1916. Ní Tọ́kì, bí ẹ bá sanwó ọjà, ọlọ́jà á ní "bereket versin", ìyẹn ni pé kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Ó dà bíi pé gbogbo ọlọ́jà ayé ló pàdé níbì kan tí wọ́n fẹnu kò.

Ọ̀nà òkè ọya ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé tọ̀ wá wá, kò ti ilẹ̀ Lárúbáwá kọjú tààrà sí wa. Àwọn oníṣòwò àti àwọn alfa tó ń ti apá odò Ọya sọ̀ kalẹ̀ ló gbé e wá, ìdí nìyẹn tí "àl" fi lẹ̀ mọ́ ọn níwájú, bó ṣe lẹ̀ mọ́ albarka àwọn Hausa. Ó bá àdúrà, wàásù, àlàáfíà àti àlùfáà rìn. Nígbà tí Ajayi Crowther àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, wọ́n mú àdúrà, wọ́n mú wàásù, wọ́n tilẹ̀ sọ olórí ẹ̀sìn wọn ní àlùfáà. Ṣùgbọ́n fún ohun tí à ń sọ yìí, ìbùkún ni wọ́n lò. Bí ìbùkún ṣe di ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, tí àlùbáríkà sì jókòó sí mọ́sáláásí àti ọjà.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ìbùkún di orúkọ èèyàn. Ìbùkúnolúwa wà lọ́kùnrin, ó wà lóbìnrin. Ẹ pe Ìbùkún nínú kíláàsì kan ní Ìbàdàn yìí, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin mẹ́ta lè dáhùn, ẹnikẹ́ni ò ní rẹ́rìn-ín. Ìtumọ̀ Barakat ni Ìbùkún gẹ́lẹ́. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi jẹ́ ti gbogbo èèyàn, tí èkejì fi wọ ìró?

Ẹ má dá àwọn Lárúbáwá lẹ́bi. Lóòótọ́, Baraka tó lókìkí jù lọ nínú ìtàn Ìsìláàmù, obìnrin ni. Òun ni ìyá tí a mọ̀ sí Umm Ayman, ọmọ ilẹ̀ Abisíníà, tó tọ́ Ànábì Muhammad láti kékeré lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Baraka gan-an ni orúkọ tirẹ̀. Àmọ́ ẹ wo orúkọ ọmọkùnrin tí Baraka yìí bí fún Zayd: Usama. Lẹ́tà tó parí orúkọ ìyá náà ló parí ti ọmọ, ìyẹn tá roboto tó ní àmì méjì lórí, tí à ń kọ́ ọmọ kéwú pé ó jẹ́ àmì abo. Usama yìí kan náà ni Ànábì fi ṣe olórí ogun nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Hamza, àbúrò bàbá Ànábì tí wọ́n ń pè ní kìnnìún, lẹ́tà yẹn ló parí tirẹ̀ náà. Talha ńkọ́? Bákan náà ni. Kò sẹ́ni tó bi Hamza léèrè bóyá obìnrin ni.

Bí a bá fi lẹ́tà yẹn kún ọ̀rọ̀ tó ń júwe èèyàn, ó ń sọ ọ́ di abo: Rashid, Rashida. Ṣùgbọ́n baraka kò júwe ẹnikẹ́ni. Orúkọ nǹkan ni, bí ayọ̀, bí ọlá. Ayọ̀ ò ní akọ, ọlá ò ní abo.

Àwa gan-an la ṣe é. Etí wa ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Alfa tó ń kọ́ wa ní kéwú máa ń pe ọ̀rọ̀ délẹ̀, kò ní gbé ìdí rẹ̀ mì. Fatima ò tó, Fátímátù ni. Khadija di Àdíjátù. Amina di Àmínátù. Ìró "átù" yìí wá kún gbogbo orúkọ àwọn ìyá wa. Lápá kejì, àwọn bàbá ń jẹ́ Ràsídì, Sàkírù, Ràfíù, Gàníyù. (Àwa ará Ìbàdàn kì í yọ ara wa lẹ́nu pẹ̀lú "ṣ", ẹ má bá mi jà.) Ìyá ń jẹ́ Ràsídátù, Sàkírátù, Ràfíátù, Gàníyátù. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ èyí fún ọgọ́rùn-ún ọdún, etí rẹ̀ ti dájọ́: ohun tó bá parí sí "átù", obìnrin ni. Báyìí ni wọ́n ṣe kó gbogbo orúkọ nǹkan tó bá parí bẹ́ẹ̀, wọ́n dà wọ́n sọ́dọ̀ obìnrin: Rahmat, tí àwọn ìyá àgbà ń pè ní Ràmọ́tù, ìkẹ́ ni, Nimat, tí a sọ di Nìmọ́tà, ìdẹ̀ra, Nùsírátù, ìrànlọ́wọ́ tó múni ṣẹ́gun, Kúdírátù, agbára, Ìdáyátù, ìmọ̀nà. Bàrákátù náà bá wọn lọ.

Ẹ ka orúkọ àwọn Ọlúbàdàn tó ti jẹ kí ẹ rí apá tó ṣẹ́kù fún ọkùnrin: Yesufu Kobiowu, Salawu Aminu, Shittu Oyetunde, Gbadamosi Adebimpe, Yesufu Asanike, Saliu Adetunji. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, níbí ní Gbọ̀ngàn Mápó, Rashidi Ladoja gba ọ̀pá àṣẹ. Ṣáájú gbogbo wọn ni Mọ́mọ̀ Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó kú sójú ogun Kírìjì ní ọdún 1885. Mọ́mọ̀ yẹn, Muhammad ni. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó parí sí "átù". Gbàdàmọ́sí tiẹ̀ tún ní ìtàn tirẹ̀: Ghadames ni wọ́n ní ó ti wá, ìlú kan ní Líbíyà tí àwọn oníṣòwò rẹ̀ máa ń la aṣálẹ̀ kọjá. Ó di orúkọ Ọlúbàdàn, ó sì di orúkọ Adégòkè Adélabú, olóṣèlú tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, tí gbogbo Ìbàdàn sunkún ikú rẹ̀ ní 1958. Orúkọ ìlú ni o, ó di orúkọ èèyàn, kò sì sẹ́ni tó ṣe awuyewuye. Ohun tí etí bá ti gbà, ó ti gbà á nìyẹn.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwa Yorùbá ò mọ pínpín yìí tẹ́lẹ̀. Táíwò kò ní akọ, Kẹ́hìndé kò ní abo. Ìdòwú, Àlàbá, Olúfẹ́mi, Ayọ̀délé, Adéọlá, ẹni tó bá gbọ́ wọn lórí fóònù ò lè mọ ẹni tó ń bọ̀. Oríkì la fi ń ya ọmọ: Àjàní kì í ṣe obìnrin, Àbẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọkùnrin. Ìwọ̀nba díẹ̀ bí Babátúndé àti Ìyábọ̀, tàbí Òjó àti Àìná, ló tún ń pín. Ìyẹn ni pé tí ìyá bàbá mi bá ti pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, iṣẹ́ yẹn ti parí. Barakat kò ní ìdí láti tún un ṣe.

Ẹ wá bá mi jáde kúrò ní Mápó díẹ̀. Nílẹ̀ Páṣíà, Íńdíà àti Tọ́kì, wọn kì í ka "at" sí abo rárá. Nusrat Fateh Ali Khan, olórin ńlá ilẹ̀ Pakistan tó kú ní 1997, ọkùnrin tó sanra dáadáa ni. Nusrat Bhutto, ìyá Benazir, obìnrin ni. Ismat Chughtai tó ń kọ ìtàn ní èdè Urdu, obìnrin ni. İsmet İnönü, ààrẹ kejì ilẹ̀ Tọ́kì, ọ̀gágun ni. Kúdírátù tiwa, ìyàwó MKO Abíọ́lá tí wọ́n yìnbọn pa ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, obìnrin bí ọkùnrin. Ní Pakistan, Qudratullah Shahab, òǹkọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkùnrin ni.

Ti Barakat gan-an wá pọ̀ jù. Àwọn kan nínú àwọn Sharif tó ṣàkóso Mẹ́kà jẹ́ ẹ. Abu'l-Barakat ni Ibn Battuta pe ẹni tó mú Ìsìláàmù wọ àwọn erékùṣù Maldives. Henry Barakat, tó ṣe fíìmù ní Íjíbítì títí ọjọ́ ogbó, onígbàgbọ́ ni. Ní Kẹ́ńyà àti Tanzania, Baraka ni wọ́n ń sọ ọ́ lédè Swahili, ibẹ̀ ló sì ti dé ọ̀dọ̀ bàbá Barack Obama. Nígbà tí Obama wọlé ní 2008, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń ṣàlàyé nínú máíkírà pé Baraki inú ìwé Àwọn Onídàájọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ti Hébérù yẹn yàtọ̀, mànàmáná ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi àti ààrẹ Amẹ́ríkà ń jẹ́ orúkọ kan náà, mo bá wo bí èrò ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó, mo panu mọ́.

Èyí tó kàn mí jù nínú gbogbo wọn ni Abul Barkat. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Yunifásítì Dhaka. Ìjọba Pakistan ayé ìgbà yẹn fẹ́ kí Urdu nìkan ṣoṣo jẹ́ èdè ìjọba, àwọn ọ̀dọ́ sì tú jáde pé kí wọ́n fi Bangla, èdè ìyá wọn, kún un. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1952, ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn, Barkat sì wà lára àwọn tó kú. Ọjọ́ yẹn ni UNESCO mú ní 1999 pé kí gbogbo ayé máa fi ṣe Àyájọ́ Èdè Abínibí. Bí ẹ bá rí i lọ́dọọdún tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń wọ ìró àti bùbá, tí wọ́n ń ki oríkì lórí pápá, ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ mi wà lára ohun tó fa ọjọ́ náà. Mo kọ́ ọmọ ní Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ èyí.

Nílé wa, ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn rí. Àbúrò mi ọkùnrin bí ọmọkùnrin lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìrètí. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n ti so àgbò àkíkà mọ́lẹ̀, àwọn alfa ti jókòó, ó ní Barakat lòun fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ náà, torí bí Ọlọ́run ṣe ṣí ilẹ̀kùn fún òun.

Alfa àgbà gbójú sókè. "Alhájì, ṣé ọkùnrin ni ìyàwó bí àbí obìnrin?"

"Ọkùnrin ni, Alfa."

"Ẹ wá ní Barakat."

"Barakat náà ni, sà."

Alfa kékeré kan tó ti kàwé dé Káírò dá sí i, ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ọkùnrin ń jẹ́ ẹ dáadáa lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá wa obìnrin, tó ti ń fetí sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ti wọlé.

"Káírò lọmọ ọ̀hún fẹ́ gbé ni? Ṣebí Mápó níbí ni? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tó bá dàgbà tó lọ fẹ́ Bàrákátù ńkọ́? Bàrákátù fẹ́ Bàrákátù? Ta ni wọ́n ó máa pè tí àlejò bá dé?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì bàjẹ́ mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́. Alfa kékeré ní kí wọ́n fi "ullah" kún un kó di Barakatullah, bí a ṣe ń ṣe sí Hidayatullah àti Rahmatullah. Ọgbọ́n tí Yorùbá ń dá nìyẹn: wọ́n á dé orúkọ náà ní fìlà, ó di ọkùnrin. Kò sì sí irọ́ níbẹ̀, torí Barkatullah kan láti Bhopal ló jẹ́ olórí àwọn mínísítà nínú ìjọba tí àwọn ọmọ Íńdíà tó ń jà fún òmìnira gbé kalẹ̀ ní Kabul lọ́dún 1915. Àmọ́ àbúrò bàbá wa ní ó gùn jù fún ẹnu òun. Ní ìgbẹ̀yìn, Mubarak ni wọ́n fẹnu kò sí, ẹni tí a fún ní àlùbáríkà. Orúkọ rere ni, ohun tí Ànábì Isa pe ara rẹ̀ nínú Sura Maryam nìyẹn nígbà tó sọ̀rọ̀ lórí ìtẹ́ ọmọ.

Nígbà tó kàn mí láti fowó sínú abọ́ kí n sọ ọmọ lórúkọ tèmi, Ìbùkún ni mo pè é. Àbúrò bàbá wa ní "Èyí dáa! Orúkọ ọkùnrin gidi." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

N kò bá àbúrò bàbá wa náà jà, torí òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Ilé là ń wò. Ọmọ tí wọ́n bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì kò ní bìkítà nípa Dhaka àti Maldives. Ṣùgbọ́n ilé ń yí padà o. Ṣebí ìgbà kan wà tí wọ́n ń pe Rahmat ní Ràmọ́tù, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ gbọ́ Ràmọ́tù sétí mọ́. Wọ́n ti padà sí Rahmah, wọ́n ń kọ Khadijah dípò Àdíjátù, wọ́n ń kọ Baraqah pẹ̀lú "q" tí kò nídìí. (Káfù ni, kì í ṣe kọ́ọ̀fù. Ẹ bá mi sọ fún wọn.) Bí wọ́n bá lè gé "átù" kúrò, ohun tó sọ orúkọ náà di obìnrin ti kúrò lára rẹ̀ nìyẹn. Mo ti ń gbọ́ Baraka tó jẹ́ ọmọkùnrin lápá Èkó. Kò ní pẹ́ dé Mápó.

Ìdájọ́ tèmi ni pé Barakat kì í ṣe orúkọ obìnrin. Orúkọ oore ni, ẹni tí oore bá sì wọlé tọ̀ lè fi sọ ọmọ, ohunkóhun tó bá bí. Èmi tí mo jẹ́ ẹ láti kékeré kò ní bínú bí ọkùnrin bá bá mi jẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ohun kan ni mo bẹ̀ ẹ́ sí. Kí Alfa kọ orúkọ náà ní lẹ́tà Lárúbáwá lọ́jọ́ ìkómọ, kí ẹ tọ́jú ìwé yẹn. Kí ẹ wá yan ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà kọ ọ́ ní lẹ́tà ABD, Barakat ni o tàbí Baraka, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí ìbí, sórí NIN àti sílé ìwé, láìfi lẹ́tà kan kún un, láìyọ ọ̀kan kúrò. Orúkọ tèmi yàtọ̀ nínú ìwé mẹ́ta, ilé ẹjọ́ ni mo ti lọ búra kí wọ́n tó gbà pé èèyàn kan náà ni mí. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọkùnrin ni, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ akọ tàbí abo sí lórí fọ́ọ̀mù náà kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé, torí bó bá ti rí Barakat, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi abo nìyẹn.